Àáró ní Gbọ̀ngàn Máàkì

“Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lo tún sọ yẹn,” ni Etí wí. “Sọ tìẹ.”

Àkànmú fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú rẹ̀. Etí jókòó sáàárín tábìlì, ẹ̀rọ dúdú kan tó rí bí ìdajì agbè tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n wá lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára bí ajere. Kì í bínú, kì í rẹ́rìn-ín, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í wọ̀ ọ́ létí. Ìbídùnní ti ṣàlàyé fún Àkànmú ìdí tí afárá olókùúta tó tẹ̀ bí ọrun kì í fi í já lulẹ̀, àlàyé náà sì yé e yékéyéké. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lanu, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ìbídùnní gan-an ló tú jáde. Etí kì í gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, máàkì kan á wálẹ̀. Kò sì ní í wálẹ̀ lára káàdì Àkànmú tó ṣàṣìṣe. Lára káàdì Ìbídùnní ni.

Ìyá Gbádé, ẹnì kẹta wọn, ti dáhùn tirẹ̀ tán. Ó káwọ́ gbera, ó ń wo Àkànmú bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó dà síná.

“Ó dáa,” Àkànmú wí. “Ẹ wo ọ̀mùtí méjì tó ń ti ìdí ẹmu bọ̀. Èyí fẹ́ ṣubú lu tọ̀hún, tọ̀hún náà fẹ́ ṣubú lu èyí. Ìṣubú èyí ni kò jẹ́ kí tọ̀hún ṣubú. Ẹ gbé ẹrù lé wọn léjìká, ńṣe ni wọ́n á tún fara ti ara wọn sí i. Bí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ò bá ti yọ̀, wọ́n á délé.”

Etí dún kín-ín, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta ife.

“Ó yé e,” ó wí.

Ìyá Gbádé ní òun ò mọ̀ pé ìdí ẹmu ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ afárá. Àkànmú ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gbàgbé rẹ̀.

Ìbídùnní kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Káàdì rẹ̀ ló ń wò. Káàdì náà fẹ́lẹ́ bí èèpo ọsàn tó gbẹ, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òpó tóóró kan sì wà láàárín rẹ̀ tí ìlà pupa bí osùn ń gba inú rẹ̀ gòkè sọ̀kalẹ̀. Ìlà náà gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó sì dúró. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nígbà tí wọ́n wọlé. Bí oòrùn bá ti ń yọ lójoojúmọ́ ni ìlà orí gbogbo káàdì ń fi máàkì kan wálẹ̀, torí òfin gbà pé ìmọ̀ tí èèyàn kò bá fi kọ́ ẹlòmíràn, rírọ ló ń rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n já sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ tún yọ gbọ́dọ̀ wá ẹni méjì tí káàdì wọn ṣì wà láàyè, kó kọ́ wọn ní ohun kan níwájú Etí, kí àwọn méjèèjì sì fi ọ̀rọ̀ ara wọn dáhùn ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ní kété tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá ti gba máàkì èèyàn wọlé, káàdì rẹ̀ kú nìyẹn. Kò lè gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí nìyẹn tí olùgbọ́ fi ṣọ̀wọ́n ní gbọ̀ngàn Ìgànná. Ẹni tí wọ́n bá gbọ́ tirẹ̀ tán a dìde, a sáré lọ sẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fẹ́, ihò ara ògiri gbọ̀ngàn tí wọ́n ń ti káàdì bọ̀, ẹni tó gbọ́ tirẹ̀ a sì kù síbẹ̀, a máa nawọ́ sí àwọn tó ń kọjá bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti àná tí wọn ò tíì rí ẹni jókòó tì wọ́n.

Ìyá Gbádé ló ti mú ọ̀rọ̀ àáró wá láàárọ̀, kí wọ́n tó jókòó. Ó ní láyé bàbá bàbá òun, nínú oko tó yí ìlú yìí ká, ẹnikẹ́ni kì í dá oko rẹ̀ ro. Ẹ ó pé jọ sóko lágbájá lónìí, ẹ ó pé jọ sí ti làkásègbè lọ́la. Kò sì sẹ́ni tí wọ́n á ro oko tirẹ̀ tí yóò di ọjọ́ ẹlòmíràn kó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ní bí àwọn mẹ́ta bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ sẹ́nu géètì títí wọ́n á fi gbọ́ ti ẹni ìkẹyìn tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò rí tiwọn ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí Ìbídùnní tó kéré jù ṣíwájú, kí Àkànmú tẹ̀lé e, kí òun gbẹ̀yìn. Òun ti dúró de nǹkan tó ju èyí lọ.

Wọ́n gbà. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ibi tó fẹ́ fi máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ta ló ń bèèrè irú ìyẹn? Ibi tí èèyàn ń lọ tó dára, ìgbà tó bá débẹ̀ làwọn ará ilé ń gbọ́. Àmì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èèyàn yàn a máa tàn ní orí káàdì bí wọ́n bá ti tì í bọ ìdí Etí, kò sì sí tábìlì kan nínú gbọ̀ngàn náà tí wọn kì í ti í fi nǹkan bo ibẹ̀. Ìborùn ni Ìbídùnní fi bo tirẹ̀.

Ó wá yọ káàdì rẹ̀, ó fi sábẹ́ ìborùn, ó sì gbójú sókè wo pátákó ara ògiri. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Afárá, Èpé: mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún sókè. Àyè mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yìn odò Ọ̀fikì ni wọ́n bí i sí. Ọdọọdún ni odò náà ń gbé afárá onígi wọn lọ, tí wọ́n á wà níbẹ̀ láìsí ọjà, láìsí dókítà, títí omi yóò fi fà. Ohun tí Ìbídùnní mọ̀ nípa afárá, ara àwọn tó wó ló ti kọ́ ọ: ó máa ń lọ wo bí igi ṣe ṣẹ́, ibi tó ti ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ tí ìdè ti kọ́kọ́ tú. Ó ti ń kọ́ àwọn kéékèèké tirẹ̀ sórí àgbàrá láti ìgbà tí kò tíì mọ ìwé kà. Èpé nìkan ló ti ń rò látọjọ́ yẹn. Géètì sì nìyí, kò jìnnà, máàkì rẹ̀ sì ti pé.

“Àbúrò,” Àkànmú wí, “pátákó yẹn ò ní í pọ̀ sí i torí pé ò ń wò ó.”

“Mi ò wò ó, ẹ̀gbọ́n.”

“Irọ́ ọ̀hún náà dára. Yí àga rẹ síbí.”

Ó yí àga rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmù ni Àkànmú fẹ́ kọ́ wọn: ìdí tí omi inú àmù fi ń tutù nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ń gbóná. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ìbá fi gbólóhùn márùn-ún sọ, Àkànmú bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí ìyá ìyá rẹ̀ tó ń mọ ìkòkò. Ó ti ibẹ̀ dé orí ewúrẹ́ kan tó fọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò náà. Ìgbà tó fi máa kan ihò tíntìntín tó wà lára amọ̀, àyè ti ku mẹ́fà ní Èpé. Ìyá Gbádé ni Etí kọ́kọ́ bi. Ó ní bí òun bá fi aṣọ tútù nu ọmọ tí ibà ń ṣe, tí òun sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, omi tó ń gbẹ kúrò lára ọmọ náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ooru ló ń rù lọ. Awọ àmù náà ń làágùn bẹ́ẹ̀ ni. Etí dún kín-ín kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó kan Ìbídùnní. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Àkànmú gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá wà nínú ẹ̀. Etí ní kó sọ tirẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó fi pátákó sílẹ̀, ó sì ronú kan ilé tí wọ́n wọ́n omi sí iwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí gbà. Ìlà Àkànmú gòkè, ó fi káàdì náà kan iwájú orí bí ẹni tó ń kí bàbá rẹ̀, ó ní ó ku Ìyá wa.

Àyè ku mẹ́ta.

Ìyá Gbádé fa àga sún mọ́ tábìlì. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ máa ń le bí ọjọ́ bá ń rọ̀, ìka rẹ̀ kò sì tètè mú káàdì náà wọ ojú ihò. Níbi tó ti ń tì í, aṣọ ìnujú tó fi bò ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Àmì orí káàdì náà tàn: ìlà kan tó tẹ̀ kọrọdọ lórí ìlà omi méjì.

Ìbídùnní mọ àmì náà. Òun kan náà ló wà lábẹ́ ìborùn rẹ̀.

Lórí ògiri, pátákó dún. Àwọn kan ní gbọ̀ngàn ìlú mìíràn ti gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èpé yí padà di àwọ̀ òféèfèé, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì di: àyè kan.

Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin àyè ìkẹyìn. Kì í ṣe ti ẹni tó yára. Géètì náà yóò dúró di ìgbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ bá lù; gbogbo ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ yóò ti káàdì bọ̀ ọ́, ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló ni ín. Ìbídùnní wo ìlà Ìyá Gbádé. Ó wà ní márùndínláàádọ́rùn-ún. Bí Àkànmú bá dáhùn dáadáa, yóò bá tòun dọ́gba. Bí òun náà bá dáhùn dáadáa, yóò ga ju tòun lọ.

Ìyá Gbádé ti rí ojú rẹ̀. Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì.

“Ṣé ibẹ̀ ni ìwọ náà ń lọ?”

“Ibẹ̀ ni, Ìyá.”

“O ò sọ.”

“Ẹ̀yin náà ò sọ.”

Àkànmú wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó sì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ìyá Gbádé ní ọmọ mẹ́ta lòun ti mú wá sí gbọ̀ngàn yìí, orí ìjókòó ìta lòun sì máa ń dúró dè wọ́n. Ó ní ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òfin gbà fún un láti ṣe ìdánwò tó ń fúnni ní máàkì, èyí tó wà lórí káàdì yìí sì ni tòun. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

“Bí o bá fẹ́ dìde, dìde,” ó wí. “Mi ò ní í bínú, mi ò sì ní í sọ ọ́ nílé.”

Ìbídùnní rò ó. Kò tiẹ̀ nílò kó dìde. Bí Etí bá bi í ní ìbéèrè, ó lè ṣi í dáhùn. Etí mọ ẹni tó ń sọ ohun tí kò yé e. Kò mọ ẹni tó ń fi ohun tó yé e pamọ́. Àkànmú pàápàá kò ní í mọ̀. Ó rò ó dópin bó ṣe máa ń ro ẹrù orí igi, láti ìdí dé orí, ó sì rí ibi tó ti máa ṣẹ́. Ọwọ́ ìyá yìí wà lára ìlà tó gòkè lórí káàdì òun láàárọ̀. Bí òun bá gbé káàdì náà dé Èpé, ohun tí òun jẹ tí òun ò san ni yóò máa gbé inú rẹ̀.

“Ẹ máa kọ́ wa, Ìyá,” ó wí. “Ilẹ̀ ń ṣú lọ.”

Ohun tí Ìyá Gbádé mú wá ni bí omi ṣe ń gun ògiri láìsí ẹ́ńjìnnì. Àgbá kan kún fún omi lẹ́yìn ògiri, o fẹ́ kó bọ́ sínú kòtò tó wà níwájú. O mú rọ́bà gígùn, o rọ omi kún inú rẹ̀, o dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. O ki ẹnu kan bọ àgbá, o gbé àárín gun orí ògiri, o jẹ́ kí ẹnu kejì lọ sílẹ̀ ju omi inú àgbá lọ, o wá ṣí wọn. Omi náà yóò gun òkè fúnra rẹ̀, kò sì ní í dáwọ́ dúró. Ó ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé àwọn tó wà nítòsí yí ọrùn wá gbọ́. Ó ní omi kì í fẹ́ràn òkè. Èyí tó ti dé ìsàlẹ̀ ló wúwo ju èyí tó ń gòkè lọ, òun ló ń fà á.

Etí bi Àkànmú ìdí tí ẹnu kejì fi gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú àpèjúwe àwọn tó ń fi ẹnu fa epo látinú táǹkì ọkọ̀ láyé àtijọ́, títí kan bí epo ṣe ń ta sí wọn lọ́fun. Etí gbà. Ìlà gòkè.

“Ìbídùnní,” Etí wí. “Bí rọ́bà náà bá lu níbi tó ga jù lọ, kí ni omi inú rẹ̀ yóò ṣe?”

Ó dákẹ́. Àkànmú tẹjú mọ́ tábìlì. Ìyá Gbádé ń wo ìta, ibi tí oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn àpáta.

“Ẹ wo àwọn èèyàn tó di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n ń gun òkè kan, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì,” Ìbídùnní wí. “Ibi tí wọ́n ń sọ̀ sí jìn ju ibi tí wọ́n ti gùn lọ. Àwọn tó ń sọ̀ pọ̀, ìwúwo wọn ló ń fa àwọn tó ń gùn. Bí ẹni tó wà ní góńgó bá jọ̀wọ́ ọwọ́ tó dì mú, àwọn iwájú á yọ̀ lọ sísàlẹ̀ tiwọn, àwọn ẹ̀yìn á yọ̀ padà sínú àgbá. Afẹ́fẹ́ tó gba ihò náà wọlé ni ọwọ́ tó já.”

Kín-ín.

Ìlà Ìyá Gbádé gòkè. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Agogo ìrọ̀lẹ́ kò pẹ́ lù. Àwọn méjèèjì jọ rìn dé ẹnu géètì Èpé, Ìbídùnní sì bá Ìyá Gbádé ti káàdì bọ̀ ọ́ nítorí ìka rẹ̀, kó tó ti tirẹ̀. Géètì náà wọn gbogbo káàdì tó ti wọlé láti gbogbo ìlú. Ohùn kan wá kéde pé àyè ìkẹyìn jẹ́ ti Morádékẹ́ Ọ̀jẹ́wùmí, láti Ìgànná.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìbídùnní gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Gbádé kó tó bí Gbádé. Ó jọ pé ìyá náà pàápàá kò tètè mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó kí i kú oríire. Ìyá Gbádé mú un lọ́rùn-ọwọ́, ó fà á dìde, kò sì fi í sílẹ̀.

“Mo gbọ́ bí o ṣe dákẹ́ kí o tó dáhùn.”

“Ọ̀rọ̀ tèmi ni mò ń wá, Ìyá.”

Kì í ṣe irọ́ tán. Ìyá Gbádé mi orí, ó ní òun náà máa ń dákẹ́ báyẹn.

Géètì ilé-ẹ̀kọ́ ìtànṣán oòrùn tó wà ní Kíṣì ti gba Àkànmú. Káàdì rẹ̀ ti kú, ó sì fi ń fẹ́ ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Nígbà tó gbọ́, ó ní kí Ìbídùnní má jókòó rárá, torí pé olùgbọ́ rẹ̀ méjèèjì ti tán, máàkì rẹ̀ kò sì ní í ga tó báyìí mọ́ bí oòrùn ọ̀la bá yọ. Òótọ́ ló sọ. Géètì tó kọ èèyàn kì í pa káàdì rẹ̀. Ìlà Ìbídùnní ṣì dúró ṣinṣin. Ó padà lọ síwájú pátákó, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí kò ṣe rí, nítorí orúkọ kan ṣoṣo ló ti ń wò lórí rẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Omi wà, Ìgbòkòdá. Àyè mẹ́rin. Ó ti gbọ́ nípa wọn: àwọn ni wọ́n ń mọ odi tó ń dá òkun dúró kó má gba àwọn ìlú etí omi. Ó ti máa ń rò pé ọmọ etí òkun nìkan ló wà fún. Wàyí o, ó bi ara rẹ̀ pé kí ni odi, bí kì í bá ṣe afárá tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi dípò òkè rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kéré, èèyàn ló ń dáhùn ní géètì wọn. Bí Ìbídùnní ti gbé káàdì rẹ̀ lé e, ohùn obìnrin kan jáde. Ìró ìgbì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin náà kí i, ó ní òun ti rí máàkì rẹ̀. Ó bi í bóyá ó mọ omi wẹ̀.

“Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, mà. Ọ̀fikì ni mo ti kọ́ ọ.”

“Òkun kì í ṣe Ọ̀fikì.”

“Ẹ ó kọ́ mi ní ìyókù, mà.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín kékeré. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní nǹkan kan wà tí kò yé òun. Káàdì náà fi hàn pé máàkì Ìbídùnní ti pé láti àárọ̀, nígbà tí àyè pọ̀ níbi gbogbo. Àwọn tí máàkì wọn bá pé bẹ́ẹ̀ kì í dúró di ìrọ̀lẹ́, àfi bí géètì mìíràn bá ti lé wọn jáde.

“Kí ló dá ọ dúró?”

“Àáró ni mò ń san, mà. Ẹni méjì ló gbọ́ tèmi. Mo dúró gbọ́ tiwọn.”

“Mo tún rí i níbí pé Èpé lo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Ta ló gba àyè ibẹ̀?”

“Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni.”

“O sì mọ̀ kí o tó dáhùn fún un?”

“Mo mọ̀, mà.”

Ìgbì kan wá, ó lọ, òmíràn sì wá. Ìbídùnní ti sọ bó ṣe rí.

“Odi tí à ń mọ níbí,” obìnrin náà wí níkẹyìn, “òru là ń ṣọ́ ọ, ẹnì kan ń gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ Ajé. Má wọ bàtà aláwọ wá, iyọ̀ á jẹ ẹ́.”

Ìlà pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú òpó rẹ̀, láìyára, títí ó fi tán pátápátá, tí káàdì náà sì funfun lọ́wọ́ Ìbídùnní. Lẹ́yìn rẹ̀, Àkànmú ti ń pariwo sọ fún àwọn tó wà nídìí tábìlì pé àbúrò òun fẹ́ lọ dá òkun dúró, kí wọ́n bá òun kí òkun náà pé ó kú ìfarabalẹ̀.

Ìbídùnní tún sún mọ́ géètì. Ó bèèrè bóyá okùn tí èèyàn lè fi so ara mọ́ odi wà níbẹ̀, àbí kí òun mú tòun wá.

“Mú tìẹ wá,” obìnrin náà wí. “Kó gùn o.”